Bí mo ṣe ń fi ìdíje tún ọwọ́ mi ṣe nínú gáàmù bọ́ọ̀lù

Ẹni tí ẹ jọ ń gbá FIFA lórí PS4 lójoojúmọ́ ti mọ ibi tí ẹ máa ń fi bọ́ọ̀lù sí, ẹ̀yin náà sì ti mọ tiẹ̀. Àléébù yín kò ní hàn níbẹ̀. Ní Kàbà níbí, àjèjì tó ti Ìsánlú wá ló máa tú u síta, pàápàá ní Kérésì, nígbà tí àwọn ọmọ Òkun (Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi) tó wà l'Ábújà àti Èkó bá wálé. Ohun tí mo ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje nìyẹn. Ife ẹ̀yẹ kọ́.

Kí n tó sanwó, mo máa ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ń lọ sílé ni, 8 nínú èèyàn 16 máa gbá ẹyọ kan péré. Èyí tí wọ́n bá pín sí ìsọ̀rí ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin ni mo fẹ́, torí ó dájú pé ẹ máa gbá mẹ́ta. Bí ìdajì kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú 6, 6 náà ni mo fi ń gbára dì. Ẹni tí 10 ti mọ́ lára máa ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré lẹ́yìn; kó tó jí, fèrè ti dún. Kí wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí iná bá lọ láàárín eré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjà ni.

Páàdì tèmi, ohun tí a fi ń darí eré, ni mo máa ń mú dání, pẹ̀lú wáyà micro-USB. Wáyà tó ń gbé iná nìkan kò lè so páàdì mọ́ ẹ̀rọ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ lo tiwọn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí ánálọ́ọ̀gì òsì, ọ̀pá kékeré tí a fi ń rìn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣì ń rìn, ẹ kọ̀ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ń pẹ́ kó tó kúrò lẹ́sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n sí Game Mode.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ni fídíò. PS4 máa ń tọ́jú ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn: ẹ tẹ bọ́tìnnì Share, lẹ́yìn náà Square, kí eré àwọn tó kàn tó bo tiyín mọ́lẹ̀. Fláàṣì tí wọ́n fọ́mááàtì sí FAT32 tàbí exFAT ni kí ẹ fi gbà á. Kì í gba NTFS. Nílé, ìṣẹ́jú àáyá 10 tó ṣáájú gólì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jẹ mí nìkan ni mò ń wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, alátakò á sáré dé ìlà ẹ̀yìn, á dá bọ́ọ̀lù padà sí àárín, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan á sì ti dá dúró síbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé dífẹ́ndà àárín la fi lé e lọ, tàbí a di R1, bọ́tìnnì tó ń pe dífẹ́ndà kejì wá, mú títí tí ẹnì kejì náà fi kúrò nípò. Ẹ jẹ́ kí dífẹ́ndà ẹ̀gbẹ́ dá a dúró; ẹ fi ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún bọ́ sórí agbábọ́ọ̀lù àárín, ẹ di L2 mú kó lè rọra máa rìn, kó kọjú sí alátakò, kí ẹ dí ojú ibi pẹnáritì. Títí di ìdíje tó kàn, ìyẹn nìkan ni mo máa ń gbá lágbàátúngbá.