Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Púráímárì Kẹrin ní Ìtàn Àwa Ènìyàn Dúdú

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì mi lọ́dún yìí. Ọmọ Ajílété, ìyẹn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Haúsá wà níbẹ̀, ọmọ Fúlàní wà, ọmọ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì ọkọ̀ wà, ọmọ Tífì tí àwọn òbí rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ oko wà, àfín kan wà, ẹnì kan sì wà tí etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn dáadáa. Bí kíláàsì tiyín náà bá rí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àṣìṣe mi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń kọ́ wọn ní ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mo ní àwọn Fúlàní ló wá kó ìlú wọn lẹ́rú. Gbólóhùn kan péré, mo sì kọjá lọ. Mo tilẹ̀ mú okùn ìfami wá, mo so ọwọ́ ọmọ mẹ́rin pọ̀ kí ẹ̀kọ́ náà lè yé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbádùn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, wọ́n mú okùn yẹn tọ ọmọkùnrin Fúlàní kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn lọ, wọ́n ń pè é ní gbọ́mọgbọ́mọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ tó ń kiri wàrà yà sí ọ̀dọ̀ mi. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Àǹtí, ọmọ mi ò jí ẹnikẹ́ni gbé o." Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìgbà tí mo padà lọ wo ohun tí Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ, nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1837, ni ojú wá tì mí gan-an. Oríṣi èèyàn mẹ́ta ló ní wọ́n para pọ̀ ja ogun tó kó òun: àwọn ará Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ará Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ dárúkọ. Àwa nìyẹn! Mo ti yọ ti ara wa kúrò, mo wá di gbogbo ẹrù náà lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan lórí.

Láti ọjọ́ náà, okùn ò wọ kíláàsì mi mọ́. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sí "ìwọ ṣe ẹrú, ìwọ ṣe olówó ẹrú". Ọmọdé kì í ti inú irú eré bẹ́ẹ̀ mọ bí ìyà ṣe ń dunni. Bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹni ló ń kọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ṣe fi àfín ṣe Òyìnbó nínú eré. Mo ti rí ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe é rí, wọ́n tilẹ̀ rò pé iyì ni àwọn ń bù fún ọmọ ọ̀hún. Ọmọ yẹn kò ní bọ́ nínú orúkọ náà títí yóò fi jáde Púráímárì Kẹfà.

Orúkọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo máa ń ní kí gbogbo Àjàyí tó wà ní kíláàsì dìde. Ọdún tí kò bá sí ọmọ tó ń jẹ́ Àjàyí, a ó rí ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ ẹ. Mo wá béèrè irú ọmọ tí à ń sọ ní Àjàyí. Ẹni tó ní ìyá àgbà nílé á ti máa pariwo pé, "Ẹni tó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i!" A ó kì í díẹ̀, Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn, kí ara wọn lè yá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó tó sọ pé Àjàyí kan wà ní Òṣóògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, tí ogun kó ní 1821 nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méjìlá. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Wọ́n mọ bí ọmọ ọdún méjìlá ṣe ń rí. Ẹ̀gbọ́n wọn wà nílé.

Tí Àìná bá wà, Àìná náà á dìde. Ọmọbìnrin Òkè-Ọ̀dàn kan tó ń jẹ́ Àìná ni ogun Dàhọ̀mì kó, tí ọba wọn, Gezo, sì fi ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ ní 1850, bí ẹni fi àdìyẹ ta àlejò lọ́rẹ. Ọbabìnrin Victoria ló wá ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Sarah Forbes Bonetta ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Fún ọmọ Ìgbò mi, Olaudah Equiano ni mo ń mú wá, ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní London ní 1789, tó ní ọmọ Ìgbò lòun. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ náà ni pé kí olúkúlùkù lọ béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà ilé. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọmọ Tífì ni ìtàn orúkọ tirẹ̀ gùn jù lọ́dún tó kọjá.

Tí a bá dé orí ogun, mo ń kọ àwọn mẹ́ta yẹn sórí pátákó bí Àjàyí ṣe tò wọ́n. Mo bi wọ́n pé, "Èwo ni àwa nínú wọn?" Wọ́n á kọ́kọ́ máa wo ara wọn. Ẹnì kan á wá ní, "Àǹtí, ará Ọ̀yọ́ ni wá." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ ń kó ẹrú lọ tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) létí òkun, àwọn Òyìnbó sì ń fi ọkọ̀ dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ẹ má fo èyí. Tíṣà tó bá ní Òyìnbó nìkan ló ṣe é, ọmọ á gbọ́ ìyókù níta lọ́jọ́ kan, kò sì ní gba tíṣà náà gbọ́ mọ́. Tíṣà tó bá sì ní àwa la ta ara wa, kó dákẹ́ síbẹ̀, ó ti dá ẹni tó ni ọkọ̀, tó ni oko ìrèké, tó ṣe òfin pé ọmọ tí ẹrú bá bí ẹrú ni, láre pátápátá.

Mo sì máa ń là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú kíláàsì yìí tó wà láyé ní 1821: kò sí ẹni tó kó Àjàyí, kò sí ẹni tó rà á. Tí ẹ bá ń sọ èyí, pátákó ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí ojú yín bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ Fúlàní nígbà yẹn, ojú méjìdínlọ́gọ́ta ló máa tẹ̀ lé e.

Ọmọdé kò mọ mílíọ̀nù. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ka kóró àgbàdo 125 sínú abọ́. Kóró kan dúró fún ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, ìyẹn 100,000. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti etíkun Áfíríkà. Ọmọ kan á yọ kóró 18 jáde, á dà wọ́n sínú ike omi: àwọn tó kú sójú òkun nìyẹn. Ó ku 107. N ó wá fi ṣọ́ọ̀kì ya máàpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ó máa gbé àgbàdo lé e lórí. Bíi 48 lọ sí Brazil. Mẹ́rin péré ló lọ tààrà sí ibi tí à ń pè ní Amẹ́ríkà lónìí. Púpọ̀ nínú èyí tó kù lọ sí Jàmáíkà, Haiti, Cuba àti àwọn erékùṣù tó yí wọn ká. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni ẹnu ń yà ju àwọn ọmọ lọ, torí Amẹ́ríkà ni gbogbo fíìmù ń fi hàn wá. Àgbàdo gbígbẹ ni kẹ́ ẹ lò o. Ọdún tí mo lo ẹ̀pà, kóró mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo yíjú padà.

Níwọ̀n ìgbà tí kóró 48 ti wà ní Brazil, ibẹ̀ ni mo ń pẹ́ sí jù. Mo ń ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, mo ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó sọ fún wọn pé ní Bahia, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín in nínú epo pupa lẹ́bàá títì títí dòní, acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà tí à ń jẹ. Ọmọ tí kì í nawọ́ rí á nawọ́ lọ́jọ́ náà. (Bóyá nítorí kó lè rí àkàrà jẹ ni, mi ò bèèrè.)

Ìdajì kíláàsì mi ni Mùsùlùmí. Bí ìtàn bá lọ láti orí ogun àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ dé orí Bíṣọ́ọ̀bù, tó sì parí síbẹ̀, ẹ ti sọ ohun tí ẹ kò gbèrò fún ìdajì yẹn. Nítorí náà, Bahia kan náà ni mo tún ń dúró sí. Ní January 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ẹrú Mùsùlùmí ìlú Salvador, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọ́n mọ Lárúbáwá kọ. Wọ́n bá ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára wọn. Àwọn sọ́jà ìjọba ló ṣẹ́gun wọn, mi ò pa á mọ́. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, kí n sì tó là á, ẹnì kan á ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìmàle!" Òbí kan ti wá bá mi jà rí pé mo dárúkọ Ṣàngó nínú ọ̀rọ̀ Cuba. Mo ní, "Màmá, mi ò bọ ọ́ ní kíláàsì, mo ní ó bá wọn dé ọ̀hún ni." Wọ́n bínú lọ, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọmọ wọn.

Ìṣòro kan wà tí ìwé àwọn ará òkè òkun kì í mẹ́nu bà: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ pé ènìyàn dúdú lòun. Ta ni kò dúdú níbí? Ìtàn Ruby Bridges ni mo fi ń ṣí ìlẹ̀kùn yẹn. Ní 14 November 1960, ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́fà yìí wọ ilé ìwé tí ọmọ Òyìnbó nìkan ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ló sìn ín wọlé, torí àgbàlagbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bú u. Òbí ń kó ọmọ wọn kúrò. Tíṣà kan tó wá láti Boston, Barbara Henry, ló gbà láti kọ́ ọ, àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n sì jọ wà nínú kíláàsì ọ̀hún fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ á béèrè pé kí ló ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn bó ṣe wà: àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiyín. Wọ́n á kọ́kọ́ wo apá wọn. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Àǹtí, ta ló wá ń bá a ṣe tẹ́ń-tẹ́ń?" Ìbéèrè yẹn dára ju gbogbo èyí tí mo múra sílẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ń fún wọn ní bébà pélébé: kọ orúkọ ẹni tí a kì í bá ṣeré ní kíláàsì tiwa. Wọn ò ní pè é sókè. Èmi nìkan ni mò ń kà á, mo sì ń sun ún. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé ọmọ Fúlàní tàbí àfín ni n ó bá níbẹ̀. Rárá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń tọ̀ sórí ẹní, tí aṣọ rẹ̀ sì ń rùn. Mo lọ bá màmá náà nílé, mo fi yúnífọ́ọ̀mù kan sí kọ́bọ́ọ̀dù mi fún ọmọ náà, mo sì fi í ṣe olùtọ́jú ṣọ́ọ̀kì. Ó lé ní oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó bá a jókòó.

Ní ti ìjókòó, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹni tí etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn, ọ̀tún kíláàsì níwájú, ìyẹn ọ̀tún àwọn ọmọ, ni kó jókòó, kí etí òsì rẹ̀ lè kọ sí yín. Àfín kò gbọdọ̀ jìnnà sí pátákó, kò sì gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn nígbà àsẹ́ńbìlì. Kí n tó pe orúkọ láàárọ̀, ọmọ kan ń kọ́ wa ní ení, èjì dé àrún lédè ilé wọn. Go'o, didi, tati, nayi, jowi ti èdè Fúlàní: gbogbo wa la mọ ọ́n báyìí, mo sì fi dúnàá-dúrà lọ́dọ̀ ìyá oníwàrà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe oṣù ìtàn ènìyàn dúdú tiwọn ní February. Òpìtàn kan, Carter G. Woodson, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan ní 1926, ó di odidi oṣù ní 1976. Tiwa bọ́ sí táàmù kejì. Píríọ́dù mẹ́fà tó mi.

Èyí tó kẹ́yìn, ti ìyá Àjàyí ni mo fi í sí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba Àjàyí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní April 1822, ó dàgbà ní Saró (Sierra Leone), ó sì di 1846, ní Abẹ́òkúta, kó tó tún fojú kan Afala ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka ka ọdún náà. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ padà sí oṣù àkọ́kọ́ tó di ẹrú, nígbà tí wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó sì dá a padà lẹ́yìn bí oṣù méjì, wọ́n dá Àjàyí náà padà. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ dìde láìnawọ́. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n dá a padà bíi bàtà tí kò báni lẹ́sẹ̀ mu."

Mo kọ ọ́ sórí pátákó. Tí irú rẹ̀ bá jáde lẹ́nu ọmọ tiyín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan kún un, kí wọ́n lu aago.