Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ọ̀nà Oko Tó Dáa fún Ẹṣin Yín Nítòsí Ìlọrin

Ẹṣin ni eégún ilé baba wa ní Ìlọrin, oríkì ìlú kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títì ọ̀dà kọ́ ni ibi tó yẹ ẹṣin. Ó ń yọ̀ lábẹ́ pátákò, ó le fún oríkèé ẹsẹ̀ ẹran, ọlọ́kadà á sì tún máa fun fèrè lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá dúró dìgbà Durbar, ọdún ìwọ́de ẹṣin, kó tó gun ẹṣin rẹ̀, ẹran tó sanra tí kò gbọ́ràn ló máa gùn lọ sáàfin. Inú oko ni kí ẹ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, kò gba àkókò. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ yí i sí àwòrán sátẹ́láìtì, ọ̀nà ẹsẹ̀ á hàn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín igbó. Ẹ wá èyí tó yípo, tí ẹ lè gba ibì kan lọ kí ẹ gba ibòmíràn dé. Ẹṣin tó ń rìn jẹ́jẹ́ á rin nǹkan bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan, nítorí náà kìlómítà 10 tó fún àárọ̀ kan. Apá Afọ̀n àti apá Ṣáò ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí oko pọ̀ níbẹ̀. Òkè Sóbì wu ojú, àmọ́ bárékè ṣọ́jà wà lápá ibẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Máàpù kò mọ ọ̀nà tó já yàtọ̀ sí èyí tó kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ẹṣin sílẹ̀ nílé, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, kí ẹ mú igi gígùn kan dání. Igi yẹn níṣẹ́ méjì. Èkíní, ẹ nà án sókè: ọ̀nà tí àgbẹ̀ ṣán kò ga ju orí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ẹ̀ka igi á sì gbá yín lójú lórí gàárì. Ọ̀nà tí mọ́tò tó ń kó ẹ̀gẹ́ ń gbà ló sábà máa ń ṣí lókè dáadáa. Èkejì, ẹ fi gún ilẹ̀ wò. Yangí tí èèyàn àti màlúù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló dáa jù. Iyanrìn tó jìn á tètè mú kó rẹ ẹṣin. Àkùrọ̀ etí Odò Àṣà tàbí Ọ̀yún lè gbẹ lójú kó sì rọ̀ lábẹ́, ibi òjìji etí odò sì ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn, èyí tó ń fún ẹṣin ní àìsàn. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀, ẹ má ṣe dúró.

Ihò òkété ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́dún kan, ẹṣin mi ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan lábẹ́ kòríkò, ó kúnlẹ̀, èmi sì fò kọjá orí rẹ̀. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Mi ò kàn mọ̀ pé ó máa yá tó bẹ́ẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ́. Láti ìgbà náà, níbi tí kòríkò bá ti bo ilẹ̀, a kì í sáré. Ẹ tún ṣọ́ tàkúté ọdẹ, àti kùkùté pòròpórò tó máa ń mú bí ọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè. Baálẹ̀ abà, ọdẹ, àwọn Fúlàní gáà: àwọn wọ̀nyí ló mọ ilẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí ẹṣin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó kí wọn. “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé ọ̀nà yìí já? Ta ló ni oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ibo lẹ̀yin gan-an kì í gbà?” Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló níye lórí jù, nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti mú kí àwọn kan pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ tì. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn Fúlàní ló sì máa ń mọ ibi tí omi wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀nà kì í dúró sójú kan. Èyí tí ẹ rí lóṣù kìíní, tí iná ti jó igbó rẹ̀ tí ihò gbogbo hàn síta, lè ti di ebè iṣu kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń tún tèmi fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹṣin yín bá tẹ ebè ẹnìkan, ẹ wá olóko lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ sanwó rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gún ni ẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé ẹṣin dé ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ méjì, kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ẹ gbà, kí ẹ lọ láàárọ̀ kùtù. Tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú gàárì, ẹ gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Òkúta wẹ́wẹ́ inú yangí máa ń há síbẹ̀.