Bí A Ṣe Ń Yẹ Àsọtẹ́lẹ̀ Eruku àti Èéfín Wò Kí A Tó Gbà Á Gbọ́

Àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ẹ ń rí lórí fóònù, ìṣirò kọ̀ǹpútà ni. Ẹnikẹ́ni kò wá wọ̀n ọ́n lágbàlá yín. Kí ẹ tó tìtorí rẹ̀ sún iṣẹ́ oko síwájú, tàbí kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ tó ní ikọ́ fée jáde, ẹ fi ohun tí sátẹ́láìtì rí àti ohun tí ẹ̀rọ ilẹ̀ wọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò.

Òǹkà méjì ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú. PM2.5 ni ìwọ̀n eruku tíńtín, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkrómítà 2.5 lọ, nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Máíkrógíráàmù nínú mítà onígun mẹ́ta kan (µg/m³) la fi ń kà á. AOD (aerosol optical depth) ní tirẹ̀ ń sọ bí eruku àti èéfín ṣe dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti òkè sánmà títí dé ilẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, kì í sábà kọjá 0.1, bó bá ju 1 lọ, gbogbo ojú ọ̀run ti ṣú. AOD ni sátẹ́láìtì ń rí, PM2.5 ni ẹ̀rọ ilẹ̀ ń wọ̀n. Ẹ má fi ọ̀kan wé èkejì. Eruku tó ń fò ní kìlómítà 3 sókè lè gbé AOD ga kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ sì mọ́.

Ẹ mú aago bára mu. UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ń lò. Ẹ yí i sí aago ọ̀dọ̀ yín. VIIRS, ẹ̀rọ ayàwòrán lórí sátẹ́láìtì NOAA-20, máa ń kọjá ní nǹkan bí aago 1:30 ọ̀sán ní aago ọ̀dọ̀ yín, wákàtí yẹn nínú àsọtẹ́lẹ̀ sì ni kí ẹ fi wé e. Àwòrán rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì NASA Worldview. Níbi tí ìkúukùu bò, àlàfo ni, kì í ṣe òdo.

Bí ibùdó AERONET, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ tó ń wọ̀n AOD káàkiri ayé, bá wà nítòsí, ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Oòrùn gan-an ló ń wò láti ilẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í sábà ju 0.02 lọ. Nínú ìpele òǹkà rẹ̀, ẹ mú Level 1.5 tàbí 2.0, torí a kò tíì yọ ìkúukùu kúrò nínú Level 1.0. AOD ti 500 nm (nanómítà, gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ sì ń lo 550 nm. Ẹ yí i padà pẹ̀lú òǹkà Ångström, α, tó ń sọ bí AOD ṣe ń yí padà bí gígùn ìgbì bá yí: AOD550 = AOD500 × (550/500)^(−α). Bí AOD500 bá jẹ́ 0.60, tí α jẹ́ 1.5 bíi ti èéfín, 0.52 lẹ ó rí. Bí α bá jẹ́ 0.2 bíi ti eruku aṣálẹ̀, 0.59 ni.

Ẹ̀rọ PM2.5 olówó pọ́ọ́kú wúlò, àmọ́ ó ní àléébù. Ẹ gbé e kọ́ ní nǹkan bíi mítà 2 sókè, kó jìnnà sí ààrò, jẹnẹrétọ̀ àti etí títì. Bí ọ̀rinrin bá ju 80% lọ, omi á wú eruku, ẹ̀rọ á sì ka ju bó ṣe yẹ lọ. Eruku tó hóró ńkọ́? Kì í kà á tó. Aláǹtakùn tó ta òwú sẹ́nu ihò rẹ̀ pàápàá ń ba òǹkà jẹ́, ẹ máa nù ún.

Ẹ kó ọjọ́ 30 jọ, ó kéré tán. Ọjọ́ tí wákàtí tó ní òǹkà kò tó 18, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n yọ kúrò nínú àsọtẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ẹ tún un ṣe láìka àmì ìyọkúrò sí, torí àṣejù ọjọ́ kan lè pa àìtó ọjọ́ kejì rẹ́, kí ó wá dà bíi pé kò sí àṣìṣe. Fún ilé tó ní aláìsàn, ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ nìyí: ọjọ́ mélòó ni PM2.5 kọjá 15 µg/m³, òdiwọ̀n ọjọ́ kan tí WHO gbé jáde ní 2021, tí àsọtẹ́lẹ̀ kò sì kìlọ̀?

Bí AOD bá tọ́ tí PM2.5 kò tọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíga tí kọ̀ǹpútà gbé eruku sí ló ṣì, pàápàá lóru nígbà tí èéfín ń sùn mọ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá kéré jù, ó ṣeé ṣe kí iná kan ti jó lábẹ́ ìkúukùu tí sátẹ́láìtì kò rí. Bí ẹ̀rọ yín nìkan bá ga fún wákàtí kan péré, ẹ wo ohun tí aládùúgbò ń dáná sun, torí àpótí kan nínú àsọtẹ́lẹ̀ gbogbo ayé ti CAMS, àjọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ní Yúróòpù, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 40, kò lè rí ìdáná ẹnì kan. Ìpíndọ́gba àṣìṣe tí ẹ bá sì fi tún àsọtẹ́lẹ̀ ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má lò ó nígbà òjò. Ẹ tún un ṣírò.