Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fojú bu iye èrò tó ń dé sí pápákọ̀ òfurufú ńlá lójúmọ́

"Èrò mélòó ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù lójoojúmọ́ ní pápákọ̀ òfurufú ńlá kan?" Wọ́n máa ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ ní irú ìbéèrè yìí, àwọn olùkọ́ ìṣirò náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó retí pé kí ẹ mọ iye náà sórí. Bí ẹ ṣe ń ronú ni wọ́n fẹ́ rí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù máa ń wáyé kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀: ẹ kò tíì sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kà. Ní 2024, èrò bíi mílíọ̀nù 84 ló gba pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ẹni tó bá kàn fi 365 pín in ti ṣì í, nítorí àti ẹni tó ń dé àti ẹni tó ń lọ ló wà nínú òǹkà yẹn. Ìdajì rẹ̀ péré ló dé. Ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù kan tó sì wọ òmíràn láìjáde, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á: ìgbà tó dé, àti ìgbà tó tún gbéra. Ní pápákọ̀ Atlanta ní Amẹ́ríkà, àwọn tó kàn ń pààrọ̀ bàálù ju ìdajì èrò lọ. Bí ẹ bá ń wá iye takisí tó yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn wọ̀nyí kò kàn yín rárá. Bí ẹ bá ń wá iye èrò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, wọ́n kàn yín. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń kà, kí ẹ tó dárúkọ òǹkà kankan.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni ti wákàtí. Èèyàn á ní bàálù kan ń bà ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìyẹn 40 ní wákàtí kan. Ó dára, nítorí bàálù máa ń fi afẹ́fẹ́ tó ń jà sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ lé e kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù. Àfi kó wá fi 24 sọ 40 di púpọ̀, bí ẹni pé kì í ṣú níbẹ̀! Láàárín aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, bàálù díẹ̀ ni òfin gbà láàyè ní Heathrow, nítorí àwọn tó ń sùn nítòsí. Wákàtí 17 ló bójú mu. Bàálù 960 á wá di 680.

Ẹlòmíràn á gbọ́ pé ọ̀nà tí bàálù ń bà sí jẹ́ méjì, á sì sọ 40 di 80. Ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń bà sí níbẹ̀, wọ́n á máa gbéra lórí èkejì.

Ti ìtóbi bàálù ńkọ́? Airbus A380 tó ń gbé èrò bíi 500 ló máa ń wá síni lọ́kàn, torí òun ló gba ojú. Àwọn tó kéré jù ú lọ dáadáa ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ní nínú bàálù mẹ́ta, méjì ní ìjókòó 170, ọ̀kan ní 300. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 213. Gbogbo ìjókòó kì í sì í kún, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ láti lò, èyí tó fún wa ní èrò 177. Fi 680 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 120,360.

Ẹ má kọ 120,360 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn o. Ohun tí a fojú bù kò lè mọ 360 tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹ kọ "nǹkan bíi 120,000".

Ẹ tún ṣọ́ra fún fífi kún gbogbo òǹkà nítorí pé pápákọ̀ náà tóbi. Bí ẹ bá fi ìdajì kún òǹkà mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, àbájáde á fi ìlọ́po márùn-ún pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ bóyá 100 ni tàbí 400, ẹ má mú 250. 200 ni kí ẹ mú, torí ó jẹ́ ìlọ́po méjì 100, ó sì jẹ́ ìdajì 400.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Mílíọ̀nù 84, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi 365 pín in: nǹkan bíi 115,000. Ó sún mọ́ tiwa. Ká ní kò sún mọ́ ọn ni, ìdẹwò ńlá á wà níbẹ̀ láti padà lọ yí 83 tàbí 17 díẹ̀ títí tí méjèèjì yóò fi bára mu. Ẹ má ṣe é. Ẹ fi àwọn òǹkà yín sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá èyí tó ṣì yín lọ́nà nínú wọn.