Owó ìtọ́jú ju owó ajá lọ: ìrírí mi pẹ̀lú ọmọ Lhasa ní Abuja

150,000 náírà ni mo ra ọmọ ajá Lhasa Apso kan ní Kubwa. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì nílé tí mo ti ná 170,000 lé e lórí. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún mi pẹ̀lú rẹ̀ ló fà á.

Káàdì náà dùn-ún wò: òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà, ìbuwọ́lùwé wà. Sítíkà ni kò sí. Ìgò abẹ́rẹ́ gidi máa ń ní sítíkà kékeré lára tí dókítà ẹran máa bó lẹ̀ mọ́ káàdì, tí nọ́ńbà oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lórí rẹ̀. Báírò ni wọ́n fi kọ "DHLPP 1" sórí tèmi, ìyẹn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dènà àrùn ajá márùn-ún, parvo wà lára wọn. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gún un lóòótọ́, abẹ́rẹ́ kan ò tó. Ààbò tí ọmọ ajá gbà láti ara ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ di asán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Oògùn náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù dígírì 2 sí 8. Pẹ̀lú iná tiwa yìí!

Yíyan ajá fúnra rẹ̀ ò le. Ojú tó mọ́, èrìgì tó pupa díẹ̀, ikùn tí kò wú bíi ti alárànníkùn, ìdí tí ìgbẹ́ ò lẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò. Ó yege.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó kọ oúnjẹ, ó ń bì ìfófòó, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ lé gbogbo wa jáde ní pálọ̀. Dókítà fi òwú yẹ ìdí rẹ̀ wò, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ilà méjì fi yọ: parvo, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn lára ajá. Omi ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró títí ìfun á fi san.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ló fẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́mìí. Kílò 1.4 ni ajá náà. Bí a bá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, ó ń pẹ́ kó tó wálẹ̀. Dókítà ní omi ara rẹ̀ ti dín ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Mílílítà 112 nìyẹn. Ẹ fi nǹkan bíi 140 tí ara rẹ̀ ń lò lóòjọ́ kún un, ó di 252 ní wákàtí 24, ìyẹn mílílítà 10 àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Okùn dírípù àgbàlagbà tó wà nílẹ̀, ẹ̀kán 20 ló ń pé mílílítà kan. Ó yẹ kó máa kán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ta ló fẹ́ fi róòlà ike tó ń dín ìṣàn omi kù ṣe ìyẹn? Bó bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, omi á ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ti róòlà náà pa jù, ẹ̀jẹ̀ á dì sẹ́nu kánúlà, ike tín-ín-rín tí wọ́n kì bọ iṣan, ẹ ó tún máa wá iṣan mìíràn lẹ́sẹ̀ tó rí bí igi ìṣáná.

Okùn dírípù ti ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní soluset, ní ike gígùn kan láàárín tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, ẹ̀kán 60 ló sì ń pé mílílítà kan. Iye mílílítà tí ẹ fẹ́ ní wákàtí kan náà ni iye ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kán 10 sí 11, ó parí. Bí ẹ bá bu 50 péré sínú ike náà, àṣìṣe ò lè ju 50 lọ.

Ilé ìwòsàn ẹran ò ní in! Wọ́n ní kí n lọ wá a wá. Mo wọ ilé oògùn mẹ́rin láti Kubwa dé Dutse, "ti àgbà ló kù" ni gbogbo wọn ń wí. Wuse ni mo ti rí i, òun pẹ̀lú kánúlà aláwọ̀ yẹ́lò, nọ́ńbà 24. Wákàtí márùn-ún ti lọ. Ẹ ra méjì-méjì sílé kí ẹ tó ra ajá. Owó wọn ò tó nǹkan.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí dírípù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èébì àti oògùn apakòkòrò, torí ìfun tó ti bó máa ń jẹ́ kí kòkòrò mìíràn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n tí kò lè dúró, gúlúkóòsì ni à ń fi pa èrìgì rẹ̀, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bílíìṣì ni mo fi fọ ilẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ìwọ̀n kan sí omi 15, ó sì gbọ́dọ̀ rin ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọṣẹ lásán ò ràn án.

Ti oúnjẹ, ìyarun àti eégbọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ ṣáà má fún un lọ́bẹ̀ tó ní àlùbọ́sà, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Tó bá di oṣù kẹta ọdún tí ooru ń mú, kó jáde kí aago méje àárọ̀ tó lù.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ojú mi ni wọ́n ti po ìgò ìyẹ̀fun abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ìgò olómi, ojú mi ni wọ́n ti bó sítíkà. Ó gba ti dìgbòlugi ní ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀rẹ́ mi ará Oǹdó bi mí pé kílò mélòó ló wọ̀n báyìí. Mo ní kò kàn án.