Bí ẹ ṣe máa múra aláìsàn àti ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún àwòrán ọpọlọ

Kí MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara) tó wo bí apá ọpọlọ ẹni tó ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ tàbí gba ohun tí kò sí gbọ́) àti ti ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ yẹtí àti píìnì irun. Ẹni tó ní irin lára gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ tètè kúrò nílé, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn má kó ìdààmú bá aláìsàn.

Orí mímì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: èyí tí kò tó mìlímítà 1 pàápàá lè mú kí ìsopọ̀ apá tó jìnnà síra dà bíi pé ó dẹ̀. Ẹ fi tìmùtìmù há orí. Kí ẹni tí wọ́n ń yà lajú, kó má sùn. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, ẹ dí etí rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nìkan ò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún un ṣáájú. Àwòrán yìí kò lè sọ bóyá ọmọ ìyá náà máa ṣàìsàn.