Bí Dókítà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ẹ̀jẹ̀ Yín Ń Ru, àti Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Káàdì Yín

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tó kọ igba ebè láàárọ̀, tó jẹun yó, tó sì sun oorun àsùngbádùn lè ní in lára láì mọ̀. Kì í ṣe orí fífọ́ tàbí òòyì la fi ń dá a mọ̀. Wíwọ̀n la fi ń mọ̀ ọ́n, ìwọ̀nkuwọ̀n sì lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn, tàbí kó dá aláìsàn padà sílé láì gba oògùn.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n máa ń gbé jáde. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ẹ kíyè sí "tàbí" yẹn: 152 lórí 84 ti kọjá ààlà. Ọjọ́ kan kì í sábà tó, àfi bó bá ga tó 180 lórí 110, tí àmì sì ti wà pé ó ti ń ba ọkàn tàbí iṣan jẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti oko, tí òógùn ṣì ń bọ́ lára rẹ̀, kò tíì tó wọ̀n. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Kó tó di ìgbà yẹn, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30, ẹ má jẹ obì, ẹ má fín áásáà, ẹ má mu sìgá tàbí kọfí, nítorí gbogbo wọn ló ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé àyà. Kí aṣọ má ṣe wà lórí apá náà. Bí ọwọ́ bùbá bá fún, ẹ bọ́ bùbá. Ẹ má sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. A mọ̀ pé ó ṣòro láti rí nọ́ọ̀sì ká má kí i, nítorí náà ẹ ti kí i tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Apá àwọn tó ń fọwọ́ roko sábà máa ń ki. Bí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n wá èyí tó tóbi. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, apá méjèèjì ni wọ́n ń wọ̀n, apá tó bá ga jù ni wọ́n á sì máa lò lẹ́yìn náà. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni àkọsílẹ̀. "Ó ga díẹ̀" kì í ṣe àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ 146 lórí 92, 146 lórí 92 ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe 150 lórí 90. Kí wọ́n fi ọjọ́ àti aago sí i, apá tí wọ́n lò, bóyá ẹ jókòó tàbí ẹ dùbúlẹ̀, àti oògùn tí ẹ lò láàárọ̀. Bí ẹ bá mu àgbo, ẹ dárúkọ òun náà, ẹ má fi pa mọ́. Lẹ́yìn èyí ni dókítà á ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀, ṣúgà àti kíndìnrín wò, kí wọ́n sì wo bí ọkàn ṣe ń lù.

Àyà àwọn mìíràn máa ń já bí wọ́n bá rí aṣọ funfun dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, nọ́ńbà á sì fò sókè. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ nílé, ẹ fi ọjọ́ 7 wọ̀n ọ́n: lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lo oògùn, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye ìgbà tẹ́ ẹ wọ̀n, láìka ti ọjọ́ kìíní. Nílé, 135 lórí 85 ni ààlà.

Aláboyún tí tirẹ̀ bá tó 140 lórí 90 kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀la, pàápàá tí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì.

Káàdì ọsibítù sábà máa ń wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ da gbogbo nọ́ńbà kọ sínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e kí òjò má bà á jẹ́, kẹ́ ẹ sì máa mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn yòówù tẹ́ ẹ bá lọ.